Èló ni àlejò ṣe tán láti san níbi omi Olúmirin? Ẹ̀kọ́ ìṣirò fáwọn oníṣòwò tó wà nítòsí ibi ìgbafẹ́

Lásìkò ọdún Àjíǹde, ọdún Iléyá àti ọdún Kérésìmesì, ọkọ̀ kì í dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà tó yà wọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láti títì tó lọ láti Iléṣà sí Àkúrẹ́. Omi Olúmirin làwọn èrò inú ọkọ̀ náà ń lọọ wò, omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní ìpele méje, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọ iléèwé wà nínú wọn, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wà níbẹ̀, tọkọtaya tuntun wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ti òkè òkun wálé wá sinmi kì í gbẹ́yìn. Ẹnu géètì irú ibi báyìí ni ariwo ti máa ń sọ. Ẹni tó wakọ̀ láti Èkó wá, tó ra epo kún táǹkì, tó di ẹran díndín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú búùtù ọkọ̀, òun gan-an lẹ máa gbọ́ tó ń jà pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ jù.

Ṣé kò lówó lọ́wọ́ ni? Rárá o. Owó tó ti ná kó tó dé géètì ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì. Ohun tó ń bí i nínú ni pé kò mọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi owó náà ṣe fún un. Oníṣòwò tó bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín "mi ò lówó" àti "mi ò rí ohun tí mo ń sanwó fún" ti mọ ohun tó lè gbé òwò rẹ̀ ga.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí wọn kò ní géètì pàápàá. Ó kan ìyá tó ń sun àgbàdo, ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń ya fọ́tò, àti ẹni tó kọ́ ilé ìtura oníyàrá mẹ́fà sẹ́bàá títì. Bí àlejò bá dé, tó wo omi, tí kò rí ibi tó ti lè tọ̀ tàbí ibi tó ti lè bọ́ aṣọ tó ti rin gbingbin, wákàtí kan kò ní i pé tó fi máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́kọ̀. Ó lè má ra ju omi lọ. Àmọ́ bó bá rí ibi tó mọ́ tóun àti ìyàwó rẹ̀ ti lè pààrọ̀ aṣọ, tó rí àga jókòó sí, ebi á pa á níbẹ̀, ọwọ́ àwọn ọlọ́jà ló sì máa ti jẹun. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn oníṣòwò kéékèèké mọ ìdáhùn sí ìbéèrè yìí: èló ni àlejò ṣe tán láti fi kún owó rẹ̀ bí ibẹ̀ bá túbọ̀ dáa?

Iye tí èèyàn ṣe tán láti san kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta ọjà. Òun ni iye tó ga jù tí oníbàárà lè gbé kalẹ̀ kó tó yíjú padà. Nínú ọjà, ìnájà ló máa ń fi í hàn. Aláṣọ máa pe owó, oníbàárà á dá tiẹ̀, wọ́n á jọ fà á títí tí ọ̀kan fi máa ní òun ń lọ. Ibi tí oníbàárà ti kẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gan-an niye tó ṣe tán láti san parí sí. Àmọ́ kò sí ìnájà lẹ́nu géètì ibi ìgbafẹ́. Owó kan ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ á san, ẹni tí kò bá fẹ́ á padà. Omi àti òkè kò ní olùtajà méjì tí wọ́n jọ ń du oníbàárà. Nítorí náà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ní láti gbà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n ka owó tí àlejò ti ná. Ní 1947, ọ̀gá àgbà àjọ tó ń bójú tó àwọn igbó àti òkè tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún ìgbafẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé bí wọ́n ṣe lè mọ iye táwọn ibi náà jẹ́ lójú aráàlú. Harold Hotelling kọ lẹ́tà sí i pé kó wo ibi táwọn àlejò ti ń wá. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti san owó ọkọ̀ ńlá, ẹni tó ń gbé nítòsí kò san tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ohun kan náà làwọn méjèèjì wá wò. Bí wọ́n bá ka iye èèyàn tó ń wá láti ìlú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì mọ iye tó ń ná wọn láti débẹ̀, wọ́n á rí bí èrò ṣe ń dín kù bí owó ṣe ń pọ̀ sí i. Marion Clawson wá gbé ọgbọ́n yìí síṣẹ́ ní 1959, títí dòní sì làwọn olùṣèwádìí káàkiri àgbáyé fi ń lò ó.

Oníṣòwò tí kò lọ sí yunifásítì rárá lè ṣe é pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Orúkọ ìpínlẹ̀ wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ ní Nàìjíríà, àmọ́ kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n gba nọ́ńbà rẹ̀ l'Ékòó lè jẹ́ ti ará Oṣogbo. Kí wọ́n kúkú bi dẹ́rẹ́bà. Ká fi ọkọ̀ kan ṣàpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé èèyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ti wá, epo àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 30,000 náírà, oúnjẹ jẹ́ 12,000, tíkẹ́ẹ̀tì àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ 4,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 46,000 náírà. Owó tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà ní géètì kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí wọ́n ná lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá fi 500 náírà kún tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kọ̀ọ̀kan, 2,000 péré ló máa lé lórí 46,000.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sáré lọọ fowó kún ọjà o. Ẹ wo apá kejì ìṣirò náà. Ọmọ Iléṣà tó gun ọ̀kadà wá, tó fẹ́ lo ọ̀sán Sátidé lẹ́bàá omi, owó tó ná lè má ju 4,000 lọ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì. 500 tó jọ pé kò tó nǹkan lójú ará Ìbàdàn, ó pọ̀ lójú tirẹ̀. Bí owó bá lé, òun ló máa kọ́kọ́ dẹ́kun wíwá. Ìgbà wo lẹ sì rò pé ó máa ń wá? Lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún ni, nígbà tí ará Èkó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ọlọ́jà ń lé eṣinṣin. Ẹni tó bá fi ìwà ará ọ̀nà jíjìn nìkan dá iye owó, àwọn oníbàárà tó ń gbé e ró láti oṣù dé oṣù ló ń lé lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ lágbàáyé fi ń dín owó kù fún ọmọ onílé àti fún ọmọ iléèwé. Ìṣirò ọjà ni wọ́n ń ṣe.

Ìkùdíẹ̀-káàtó kan wà nínú ọ̀nà yìí. Àlejò tó bá ti Oṣogbo bọ̀, níbi igbó Ọ̀ṣun, tó tún ń lọ sí Ìkògòsì l'Ékìtì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé, kò ṣeé ṣe kí wọ́n kó gbogbo owó epo rẹ̀ sọ́rùn Olúmirin nìkan. Èyí tó tiẹ̀ jù níbẹ̀ ni pé ohun tó wà nílẹ̀ báyìí nìkan ni owó ìrìn àjò lè sọ bó ṣe níye lórí tó. Kò lè sọ iye tí wọ́n máa san fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́. Ìyẹn ló fi di dandan kí wọ́n béèrè.

Béèrè dàbí ohun tó rọrùn jù láyé, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ní 1963, Robert Davis, tó ń ṣèwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard, lọ sínú igbó ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ó bi àwọn ọdẹ àtàwọn tó wá ṣeré ìgbafẹ́ níbẹ̀ léèrè iye tí wọ́n lè san. Látìgbà náà ni ọ̀nà yìí ti tàn kálẹ̀. Ìjà ńlá wá bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez da epo rọ̀bì sí òkun Alaska ní oṣù kẹta 1989. Wọ́n fi irú ìbéèrè yìí ṣírò iye tí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ jẹ́ lójú àwọn ará Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ epo sì ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìjọba pe ìgbìmọ̀ kan jọ. Kenneth Arrow àti Robert Solow, táwọn méjèèjì ti gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, ló ṣáájú rẹ̀. Ní 1993, ìgbìmọ̀ náà ní a lè gbára lé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Bó ṣe yẹ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n má bi èèyàn pé "Èló lẹ lè san?" Iye kan pàtó ni kí wọ́n dá, kí onítọ̀hún sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹni tó ń dìbò. Kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí owó náà máa ṣe dáadáa. Kí wọ́n sì rán an létí pé àpò rẹ̀ ni owó náà ti máa jáde, ohun mìíràn tó fẹ́ẹ́ rà máa dín kù. Ẹni tó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà, tó ń bi àlejò pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa fẹ́ kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ wà níbí?" kò tíì béèrè nǹkan kan. Ta ló máa sọ pé òun kò fẹ́?

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀ka tiẹ̀. Ìtìjú wà. Bí màmá tó ń ta oúnjẹ bá fi ọ̀yàyà bi ọmọ tó bí í léèrè bóyá ó máa san 500 náírà láti lo ilé ìwẹ̀ tóun fẹ́ẹ́ kọ́, ọmọ náà á kúnlẹ̀, á ní "Ẹ̀ẹ́n mà, màá san án." Ọmọ dáadáa ni, kò fẹ́ já màmá kulẹ̀ ni, àmọ́ báǹkì kì í gba ọmọlúàbí sílé. Kó jẹ́ ẹlòmíràn tí kì í ṣe olówò náà ni kó lọ béèrè, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí àlejò fi bírò sàmì sórí ìwé kékeré, kó sì jù ú sínú páálí láìkọ orúkọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá olóúnjẹ kan fẹ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì àti yàrá ìpààrọ̀ aṣọ méjì sí ilẹ̀ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n bi 120 èèyàn. Wọ́n dá 200 náírà fún 40 lára wọn, 500 fún 40 mìíràn, 1,000 fún 40 tó kù. Ẹnì kan kò gbọ́ ju iye kan lọ, kó má baà di ìnájà. Ká ní àwọn 36 gbà ní 200, àwọn 26 gbà ní 500, àwọn 8 gbà ní 1,000. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún àlejò, 90 máa san 200, ìyẹn 18,000 náírà. 65 máa san 500, ìyẹn 32,500. 20 máa san 1,000, ìyẹn 20,000. Ẹ ò rí i pé iye tó kéré jù, tí gbogbo èèyàn fẹ́, òun ló mú owó tó kéré jù wá, síbẹ̀ iye tó ga jù kọ́ ló mú èyí tó pọ̀ jù wá.

Kò tíì parí. Omi, ọṣẹ àti bébà ìnùdí ń náni. Ká ní 100 náírà ló ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé lọ. Ní 500, èrè orí ẹnì kan ti di 400, tí àpapọ̀ lórí èèyàn 65 sì jẹ́ 26,000. Ẹ tún yọ ti àwọn tó fẹnu lásán sọ pé àwọn máa san. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn bá sá sẹ́yìn, èèyàn bíi 43 ló kù, owó náà sì di 17,200 nínú ọgọ́rùn-ún àlejò. Inú rẹ̀ lowó oṣù ẹni tó ń fọ ibẹ̀ ti máa jáde, àti owó àtúnṣe ẹ̀rọ omi. Ìgbà yìí ni màmá náà tó lè mọ̀ bóyá kóun kọ́ ọ, iye àlejò tóun nílò lọ́sẹ̀, àti bóyá kóun gba ẹ̀yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tàbí kóun fi í sílẹ̀.

Àwọn wo tiẹ̀ ni wọ́n máa bi? Ọ̀pọ̀ máa ń bi ẹni tó ń wọlé, tí ara rẹ̀ ń yá gágá. Ẹni tó ń jáde ni kí wọ́n bi, tí aṣọ rẹ̀ ti rin, tó ti wá ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn tí wọn kò wá rárá wà. Ìyá ọlọ́mọ kéékèèké, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ọ̀gá iléèwé tó ń bẹ̀rù pé kò síbi tí ọgọ́ta ọmọ ti máa tọ̀: ẹnikẹ́ni kò lè bá wọn pàdé lẹ́bàá omi, nítorí àìsí nǹkan wọ̀nyí ló jẹ́ kí wọ́n jókòó sílé. Inú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti iléèwé ni wọ́n ti lè rí wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni owó tó pọ̀ jù wà, ọ̀dọ̀ wọn sì ni wọn kì í béèrè dé.

Pé èèyàn máa san bó bá rí ohun tí owó ń ṣe, erékùṣù Bonaire tó wà nínú òkun Karíbíánì ti fi hàn. Àwọn tó ń mòòkùn wo ẹja àti iyùn abẹ́ omi ló ń lọ síbẹ̀. Ní 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là 10 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ́dún, wọ́n sì ń fún un ní báàjì kékeré tó máa so mọ́ ohun èlò rẹ̀. Ìtọ́jú òkun náà ni wọ́n ń fi owó náà ṣe. Nígbà tí wọ́n bi àwọn òmùwẹ̀ náà, 92 nínú ọgọ́rùn-ún ní owó náà kò burú. 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn tiẹ̀ lè san dọ́là 20, àmọ́ àwọn tó lè san dọ́là 50 kò ju 16 lọ. Ẹ ò rí i pé ó jọ àpẹẹrẹ ìyá olóúnjẹ. Nígbà tó di 2005, wọ́n gbé owó náà dé dọ́là 25.

Amẹ́ríkà náà kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Owó tí wọ́n ń gbà níbi ìgbafẹ́ ìjọba, àpò ìjọba àpapọ̀ ló ń lọ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í sì rí i lò. Wọ́n dán ìyípadà wò ní 1996, òfin 2004 sì wá sọ ọ́ pé, lápapọ̀, ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà gbọ́dọ̀ dúró síbi tí wọ́n ti gbà á, fún àtúnṣe ibẹ̀.

Àwọn oníṣòwò kéékèèké kọ́ ló ń dá owó géètì ní Olúmirin, ní òkè Ìdànrè tàbí ní Olúmọ. Àmọ́ wọ́n lè sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá wà nínú ẹgbẹ́. Ohun tí wọ́n lè béèrè kò le: kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó lẹ́nu géètì ohun tí wọ́n fi owó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù tó kọjá ṣe. Bí ẹgbẹ́ bá mú ìwé ìṣirò lọ́wọ́ lọ bá aláṣẹ, wọ́n á gbọ́ wọn ju ìgbà tí wọ́n bá mú ẹ̀bẹ̀ nìkan lọ.

Kí wọ́n sì ṣọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe. Nígbà tí wọ́n tún Olúmọ ṣe, tí wọ́n ṣí i ní 2006, ẹ̀rọ agbéniròkè wà lára ohun tí wọ́n fi kún un. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún àgbàlagbà tí kò lè gun òkè. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ iná, ó ń jẹ dísù, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè. Ní Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tí àlejò ń gùn, ara ohun tó ń wù wọ́n ni, ibi ìsinmi àti ọwọ́ ìdìmú ló lè ṣe wọ́n láǹfààní ju ẹ̀rọ lọ. Ti ọwọ́ ìdìmú àti okùn lórí àpáta tó ń yọ̀, kò yẹ kí wọ́n tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni bóyá ó máa san án. Ẹ̀mí èèyàn ni. Kó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn, olówó àti tálákà.

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má dúró de ọjọ́ ọdún, nítorí èrò ọjọ́ náà kò jọ ti ìyókù ọdún. Kó fi Sátidé méjì àti ọjọ́ iṣẹ́ méjì béèrè, kó sì kọ ìlú tí onítọ̀hún ti wá, iye tó ná dé ibẹ̀, iye tí wọ́n dá fún un àti ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé. Ìbéèrè náà lè lọ báyìí: "Wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ tó ní ilẹ̀kùn àti àgádágodo, pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, sí ìsàlẹ̀ yìí. 500 náírà ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ti wà lónìí, ṣé ẹ máa yọ 500 náà nínú owó tó wà lọ́wọ́ yín báyìí?" Bí ọ̀pọ̀ bá ní rárá, títí dé àwọn tí wọ́n dá 200 fún, kó má tíì da simẹ́ńtì sílẹ̀. Kó ra àga oníke mẹ́wàá àti tówẹ́ẹ̀lì ogún, kó máa fi wọ́n háyà, kó sì tún béèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.